Pátákó Píǹkì Méje Ló Gba Àyè Mi

Ẹ má wulẹ̀ kan gíláàsì yẹn mọ́, Àǹtí mi, n ò ní ṣílẹ̀kùn! Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ìdí mi wà lórí àga iwájú ọkọ̀, mo ti fi bẹ́líìtì de ara mi mọ́ ọn, ẹni tó bá fẹ́ yọ mí kúrò níbí lónìí á yọ èmi àti àga pọ̀ ni. Ẹ sọ fún Bàbá. Ẹ sọ fún Màmá. Ẹ sọ fún àfẹ́sọ́nà yín náà, àwọn tí wọ́n ti dé ibi gbogbo láyé, pé ibì kan ṣẹ́ kù tí wọn ò ní dé láàárọ̀ yìí, àga iwájú ni o!

Kí lẹ wí? Ẹ gbẹ́nu sí ihò òkè yẹn, gíláàsì yìí kì í sọ̀ kalẹ̀ ju ìka méjì lọ, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀, àtìgbà tí Bàbá ti fi ẹsẹ̀ àkàbà gbá a ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Pé kí n má bínú? Ta ló ń bínú? Mo kàn jókòó ni. Ẹni tó ti ń ṣètò ìrìn-àjò láti oṣù mẹ́ta, ṣé kò yẹ kó jókòó?

Pé n kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí? Òótọ́ ni. Dákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń pè mí nílé yìí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn náà ló kó mi sí wàhálà. Bí ènìyàn bá ti ń dákẹ́ jù, wọ́n á gbàgbé pé ó wà nínú yàrá, wọ́n á ka orí títí, wọ́n á fo tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún méjìdínlógún ló wà níkùn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ó dà.

Ta ló kọ́kọ́ rí omi yẹn? Ẹ dá mi lóhùn. Kì í ṣe èmi ni mo rí i nínú kàlẹ́ńdà tí àwọn tó ń kó ọ̀dà fún Bàbá fún wa? Odindi oṣù kan ni àwòrán yẹn fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo yín ń fi bírò yí ọjọ́ ká nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbójú sókè kó ní, omi wo lèyí tó pọ́n báyìí? Èmi ni mo rí i. Èmi náà ni mo rí i pé ọkùnrin kékeré kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní igun àwòrán náà, pé òjìji rẹ̀ tó bọ́ sórí omi kò dúdú, ó pọ́n. Òjìji pípọ́n! Níbo lẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Nígbà tí oṣù parí tí Màmá fẹ́ fi ojú ewé yẹn di ìṣó fún oníbàárà, ta ló bẹ̀ wọ́n tó gbà á sílẹ̀? Inú ìwé jọ́gíráfì mi ni mo tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo fi hàn. Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo, Àǹtí mi!

Ẹ ò rántí ohun tẹ́ ẹ sọ? Èmi rántí. Ẹ jókòó lórí garawa ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ wo àwòrán náà títí tí kẹrosíìnì fi ń kán sórí bàtà yín tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ wá ní, “Dákẹ́jẹ́ẹ́, ọjọ́ tó o bá ṣe ìdánwò rẹ tán, èmi àti ìwọ á wakọ̀ lọ wò ó.” Èmi àti ìwọ. Ṣé èmi ni mo fi “èmi àti ìwọ” sí yín lẹ́nu? Mo kà á nígbà yẹn, ènìyàn méjì ló wà nínú ẹ̀. Mo tún un kà lórí ibùsùn. Méjì náà ni.

Mo wá ṣe ìdánwò tán. Mo gbé ìwé mi jáde. Ẹ wò ó, mo gbé e mọ́ gíláàsì fún yín. Ojú ewé mọ́kànlá! Ibi tí a ti máa ra epo nìyí. Ibi tí afárá ti ya nìyí, tí a máa gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn nìyí, mo fa ìlà méjì sí ìdí rẹ̀ torí mo mọ̀ yín. Wákàtí mẹ́fà lọ, wákàtí mẹ́fà bọ̀, ká kúrò nílé ní aago mẹ́fà géérégé. Ta ló tún ń ṣe irú èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyé yìí?

Àti ti tẹlifóònù ńkọ́? Ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí. Bí ẹ bá rán mi lọ ra abẹ́rẹ́, tí mo bá bá ènìyàn méjì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá yà bíi pé ibòmíràn ni mò ń lọ. Èmi yìí náà ni mo pe ìyá tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò yí adágún náà ká! Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ ná: “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ dákun mà.” Wọ́n gbé e, wọ́n ní “Hẹlóò,” mo pa á. Mo tún pè, wọ́n ní “Ta nìyẹn?” mo pa á. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó lanu, wọ́n ní, “Ìwọ tó ò ń mí hìn-ìn yìí, ṣé adágún lo fẹ́ wò ni àbí èmi?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín yẹn ló ṣí mi lóhùn. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Àǹtí mi, àlejò pátápátá, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án!

Wọ́n ní iyọ̀ inú omi yẹn pọ̀ débi pé ẹja ò lè gbé ibẹ̀, àwọn nǹkan tíntìntín kan tí ojú ò lè rí nìkan ló ń gbé inú ẹ̀, àwọn ló ń pọ́n. Wọ́n ní ọ̀sán ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá wà lórí gan-an. Tó bá ti ń lọ sí aago méjì, afẹ́fẹ́ á dé, á ru omi sókè, á wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ. Wọ́n ní ẹni mélòó? Mo ní, “Ẹni méjì, mà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.” Wọ́n ní àwọn á fi ọkọ̀ kékeré pamọ́ fún wa, èyí tó ń gba àlejò méjì. Àlejò méjì! Kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ará, kì í ṣe pátákó.

Ẹ wá lọ tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Háà, Àǹtí mi. Wọ́n ní níbo lẹ̀ ń lọ. Ẹ ò lè sọ pé ẹ fẹ́ gbafẹ́fẹ́? Ẹ ò lè sọ pé adágún kan báyìí ni? Rárá o, ẹ ní “adágún píǹkì.” Ẹ pe píǹkì níwájú ọkùnrin tó ti ń kun ilé láti ọgbọ̀n ọdún! Ṣé ẹ ò rí bí Bàbá ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀? Èmi rí i. Wọ́n gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, “Píǹkì wo?”

Ibẹ̀ ni ayé mi ti bàjẹ́.

Ẹ mọ òfin Bàbá, wọn kì í pe àwọ̀ kankan lórúkọ nígbà tó ṣì tutù. Oníbàárà lè dúró nínú oòrùn títí tí yóò fi là á lágbárí, ohun tí Bàbá máa sọ ni pé kó jẹ́ ó gbẹ ná. Wọ́n wá kọjú sí mi, èmi tí mo ń jẹun mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ní, “Omi kì í gbẹ. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé píǹkì ni?” Ẹ gbà mí! Ṣé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ nídìí oúnjẹ nìyẹn? Ẹran há mi lọ́fun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gé pátákó. Bàbá po píǹkì mẹ́ta torí ọkàn wọn ò lè dúró lórí ẹyọ kan. Ìyá àgbà ní èrìgì ọmọ tuntun ni kí wọ́n po ti àwọn bí i. Màmá ní inú gúáfà. Àfẹ́sọ́nà yín, ìyẹn Mo-ti-débẹ̀, tí wọ́n wá tún fìríìjì wa ṣe lọ́jọ́ kan tí wọn ò sì kúrò lọ́rùn wa mọ́ láti ìgbà náà, wọ́n ní àwọn ti rí ògiri ilé ìwòsàn kan ní ìlú kan tí àwọn ti lọ tún fìríìjì ṣe, pé píǹkì yẹn gan-an ni. Wọn ò rí omi náà rí o! Ògiri ni wọ́n rí! Ẹ̀yin náà, Àǹtí mi, ẹ̀yin náà mú pátákó. Mo ń wò yín. Ẹ fi ìka tọ́ ọ̀dà náà wò, ẹ ní kí Bàbá fi funfun sí i díẹ̀. Pátákó méje tí a máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, pé ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ bá jìnnà sí ti omi jù lọ á fọ búrọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan. Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi tí àwòrán omi náà wà lọ́wọ́ mi! Mo mú àwòrán náà wá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀fọ́ Bàbá nídìí oúnjẹ, wọ́n fi nu ọwọ́.

Wọ́n fi nu ọwọ́, Àǹtí mi! Òjìji pípọ́n yẹn ti di aláwọ̀ ewé báyìí.

Ó dáa. Mo dákẹ́. Gbogbo yín ní ẹ̀ ń lọ, àfi Màmá tó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Mo dákẹ́. Mo ka àga: ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, ẹnì kan níwájú, ẹni mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹni márùn-ún, àga márùn-ún. Mo ní kò burú, màá jókòó sáàárín Bàbá àti Ìyá àgbà, màá gba òkè èjìká wọn wo ìta. Àní mo ti gbà! Ìgbà tó di àná ni Bàbá wo pátákó méjèèje, wọ́n ní kò jinná, wọ́n tún fi ọwọ́ kejì kùn wọ́n. Ọ̀dà tó máa ń pẹ́ gbẹ yẹn! Kò wá ṣeé tò léra mọ́, ó di dandan kí wọ́n jókòó bí ènìyàn, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Orí àga ta ni? Orí àga mi.

Wọ́n ní kí n wọ ẹ̀yìn pátápátá, láàárín àkàbà àti garawa. Ibẹ̀ ní fèrèsé ni? Ẹ sọ fún mi, ibẹ̀ ní fèrèsé? Kí n jókòó sórí garawa wákàtí mẹ́fà, kí n máa gbọ́ tí ẹ̀ ń sọ pé, “Háà, ẹ wo òkè yẹn! Ẹ wo màlúù yẹn!” Èmi á máa wo ẹsẹ̀ àkàbà. Mo mọ ẹsẹ̀ àkàbà yẹn dáadáa, Àǹtí mi, mo ti ń dì í mú fún Bàbá láti kékeré. Pátákó á gbafẹ́fẹ́ lójú fèrèsé, èmi á gbóòórùn kẹrosíìnì. Pátákó!

Kí lẹ ń nawọ́ sí lẹ́yìn mi? Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo rí wọn nígbà tí mo wọlé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ṣùgbọ́n mo rí wọn, wọ́n tò bí àwọn àgbààgbà ìjọ, òkìtì aṣọ ìbòlẹ̀ Bàbá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ti da aṣọ bò wọ́n kí òtútù má mú wọn. Ta ló da aṣọ bo èmi?

Kọ́kọ́rọ́ kejì kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá a. Inú garawa ọ̀dà funfun kan ló já bọ́ sí lọ́dún tó kọjá, ó ti wà lára ògiri ẹni ẹlẹ́ni báyìí.

Ìyá àgbà? Ẹ̀ ń bi mí ní Ìyá àgbà? Ṣé èmi ni mo gbé Ìyá àgbà pamọ́ ni? Ẹ wò wọ́n ní yàrá, wọ́n á máa wé gèlè ni. Wọ́n ti di báàgì wọn láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n lè tún un dì. Wọn ò lè lọ jìnnà.

Ta nìyẹn lẹ́nu géètì? Mo-ti-débẹ̀ ni. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń fi igi ya ọ̀nà sórí ilẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n mọ ọ̀nà àbùjá kan, àbí? Mo mọ̀. Ọ̀nà àbùjá wọn ló mú wa dé ibi ìsìnkú nígbà tó yẹ ká dé ibi ìsọmọlórúkọ. Bàbá sì ti ń mi orí. Aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Àǹtí mi! Bí a bá gba ọ̀nà àbùjá, aago mẹ́ta la máa dé, afẹ́fẹ́ á ti ru omi yẹn, gbogbo yín á gbé pátákó sókè níwájú omi eérú. Ẹ máa ní mo purọ́. Títí ayé ni Bàbá á máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ àwọn kan wà tí kò mọ píǹkì yàtọ̀ sí eérú.

Kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

N ò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má wò mí báyẹn. Ẹ yí ojú sápá ibòmíràn kí n lè sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó ṣe ìgbéyàwó, ẹ ó kó lọ. N ò bá yín jà. Mo-ti-débẹ̀ dára, mo mọ̀ pé wọ́n dára, wọ́n máa ń fi ẹran tó kù síwájú mi bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ojú, Àǹtí mi. Mo rí i pé ẹ ti yọ àwòrán yín kúrò lára dígí, àmì rẹ̀ ló kù. Mo rí i pé kọ́ọ̀pù yín ti wọ inú àpótí, ife àlejò lẹ fi ń mu tíì láti ọjọ́ Àìkú. Ìṣó tí ẹ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì yín kọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ ti fi tèmi kọ́ síbẹ̀. Ẹ kàn fi tèmi kọ́ ọ. Ìgbà tí mo rí i, mo padà wọlé, mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ta ni mo máa fi àwòrán hàn tẹ́ ẹ bá lọ? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń dúró de ọ̀rọ̀ mi kó jáde. Àwọn tó kù máa ń bá mi parí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ìyá ọlọ́kọ̀ pé ẹni méjì. Ìyẹn nìkan ni. Ọjọ́ kan péré, èmi àti ẹ̀yin, kí n tó máa kí yín bí àlejò.

Ẹ má sunkún o. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ń wo apá ibí. Ẹ nu ojú yín, kì í ṣe apá tí ọ̀dà wà yẹn.

Ó dáa. Ẹ... kí ló dé? Ẹ̀rín kẹ̀? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo tú inú mi palẹ̀ fún yín bí ẹrù, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ tún ń nawọ́ sẹ́yìn! Mo ní mo ti rí pátákó náà, kí ló...

Ta ló wúkọ́?

Ẹ̀yin kọ́ lẹ wúkọ́. Èmi náà kọ́.

Yéè! Àǹtí mi! Aṣọ ìbòlẹ̀ ń mì! Mo kú o, ó ń dìde, ó ti ń yọ ọwọ́... Ìyá àgbà! Ìyá àgbà, ẹ̀yin nìyẹn? Láti ìgbà wo? Kí àkùkọ tó kọ, nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí? Ẹ wá gba àyè fèrèsé yín kí ẹnikẹ́ni tó jí? Ẹ sì wà lábẹ́ aṣọ, ẹ ò fọhùn? Àti ti ẹsẹ̀ àkàbà, ẹ gbọ́ ọ? Àti ti kọ́ọ̀pù? Àti ti tẹlifóònù, pé mò ń mí hìn-ìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín mi jẹ, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà...

Ẹ dúró. Ẹ yí ojú sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún yí i sí i.

Háà! Àǹtí mi, ẹ pe Bàbá! Ẹ pe gbogbo ayé! Ìyá àgbà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lórí pátákó! Píǹkì ni o, láti ìdí etí dé imú! Pátákó Mo-ti-débẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn léjìká, ti Bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó lu ara wọn, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà sáàárín, tiyín wà nílẹ̀, ẹnì kan ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́! Kò sí pátákó mọ́! Àyè mi ṣófo! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná, ikùn ń dùn mí...

Kí lẹ wí, Ìyá àgbà? Pé kí n má kúrò níwájú? Pé Mo-ti-débẹ̀ á wá jókòó tì yín, kí wọ́n máa júwe ọ̀nà àbùjá sí yín létí tí kò gbọ́ dáadáa? Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ẹ pẹ́ fún wa.

Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má wo pátákó, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ti gbẹ, àbí? Ẹ pè é lórúkọ báyìí, sà, a ti ń dúró láti ọjọ́ mẹ́ta.

Àǹtí mi, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ kí n tó fi lé yín lọ́wọ́: ọ̀nà inú ìwé mi la máa gbà, ká sì tó dé inú ọkọ̀ ojú omi yẹn, kí gbogbo wọn ti mọ̀ pé èmi àti ẹ̀yin ni. Méjì. Kí àwọn tó kù dúró létí omi máa bá ara wọn jà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́fà lù, ẹ wọlé, ẹ wakọ̀.

Ìyá àgbà! Ìyá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe? Ẹ gbé ike omi yẹn kalẹ̀! Ẹ kò gbọdọ̀ bọ́jú o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín la máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún!